Irin Méjì Nínú Ilẹ̀ Ìwàràjà

Ìyá tó bí Mùyídéènì Rájí ní Òkè-Baálẹ̀ nílùú Òṣogbo máa ń sọ pé ọmọ òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Bó bá rí aago, àfi kó mọ ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Bó bá rí tọ́ọ̀ṣì àlejò, á ti tú u palẹ̀ kí àlejò tó mu omi tán. Fìlà ni wọ́n ń rán nílé wọn. Bàbá rẹ̀ rán fìlà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán fìlà, wọ́n sì ti gbà pé òun náà yóò mú abẹ́rẹ́. Ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ló yọ́ gba Ìbàdàn lọ, ó lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò títúnṣe. Nígbà tí ogun yóò fi parí, ó ti padà dé, ó ti gba yàrá méjì ní Ìgbọ̀nà, ó fi ti iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń gbé nínú ti ẹ̀yìn.

Nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn ló gbé Nọ́síràtù níyàwó sí. Aránṣọ ni Nọ́síràtù. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan náà ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, tó fi jẹ́ pé rédíò ń ké lápá kan, ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré lápá kejì, tọkọtaya á sì máa fi ohùn òkè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Sikirat. Ìyá Mùyídéènì ló gbà á tọ́ ní Òkè-Baálẹ̀ nígbà tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú.

Lọ́dún 1973, òjò ṣe bí ẹni tó bínú sí àgbẹ̀. Ó rọ̀ díẹ̀, ó kọ̀yìn, kò sì wẹ̀yìn wò. Àkókò náà ni obìnrin àgbàlagbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù Mùyídéènì, ó gbé rédíò tó fi aṣọ wé lọ́wọ́. Màmá Julianah Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni wọ́n ń pè é. Opó ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti Iléṣà, ṣùgbọ́n Ìwàràjà, nítòsí oríta ọ̀nà Àkúrẹ́, ni ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà. Ibẹ̀ ló kọ́lé kékeré sí, tó ń gbin ọmọ kòkó sínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, tí àwọn àgbẹ̀ á wá kó wọn lọ sóko nígbà tí wọ́n bá ga tó. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo ló wá tó fi ya ọ̀dọ̀ Mùyídéènì.

"Rédíò yìí ti yadi," ni Màmá wí. "Bó bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀, kò wúlò fún mi. Ó ń sọ fún mi pé òjò ò rọ̀ lókè Ọya. Èmi tí òjò ò rọ̀ lẹ́yìn ulé mi, ta ni yóò sọ tèmi?"

Ulé tó pe ilé, bí àwọn ará ọ̀hún ti ń pè é, pa Nọ́síràtù lẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dé ojú. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Bí òun bá bomi rin ọmọ kòkó jù, gbòǹgbò á jẹrà. Bí òun bá fà á sẹ́yìn, ewé á ká kò bí ewé tábà. Èyí tó burú jù ni pé òkè iyẹ̀pẹ̀ á gbẹ kóríkórí nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì tutù, tàbí kí òkè tutù kí ìsàlẹ̀ sì ti di ekuru.

"Ojú ilẹ̀ ń purọ́ fún mi," ló wí.

Gbólóhùn yẹn ni Mùyídéènì gbé sùn, òun náà ló sì gbé jí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bu iyẹ̀pẹ̀ kún abọ́ kan. Ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bọ̀ ọ́, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ bátìrì, ó sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ kékeré kan tó yọ lára ẹ̀rọ àtijọ́, irú abẹ́rẹ́ tó ń dìde bí iná bá ń kọjá. Iyẹ̀pẹ̀ gbẹ, abẹ́rẹ́ jókòó jẹ́ẹ́. Ó da omi sí i, abẹ́rẹ́ dìde bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Omi ló ń gbé iná kọjá láti ara irin kìn-ín-ní dé ara ìkejì. Bí omi bá ti ń tán, ọ̀nà iná á máa dí. Nọ́síràtù fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà sẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà: ibi tí òùngbẹ ti ń gbẹ ilẹ̀, ibi tó ti yó, ibi tó ti ń rì. Mùyídéènì tún fi agogo kékeré kan kún un, kó lè máa dún bí abẹ́rẹ́ bá já sí ìlà òùngbẹ.

Ó gbé e lọ sí Ìwàràjà fúnra rẹ̀. Ó ri irin méjèèjì bọ ilẹ̀ láàárín àtíbàbà, níbi tí Màmá ti ń to ọ̀rá ọmọ kòkó sí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Màmá ti mọ abẹ́rẹ́ náà kà bí ẹni ń ka orin ìjọ. Àwọn ọmọ kòkó tó ti ń sùn jí, ewé wọn ń dán. Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti obì ránṣẹ́ sí Nọ́síràtù, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá ti yà pé ọmọ Òṣogbo kan ti la òun lójú.

Ìṣòro ibẹ̀ kò ju bátìrì lọ. Agogo tó ń dún ní gbogbo ìgbà a máa tètè jẹ ẹ́ tán, bátìrì sì ń wọ́n ní Ìwàràjà. Ṣùgbọ́n ilé ìlagi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Màmá. Àjàgbé ló ni ín, ọkùnrin tó máa ń tan jẹnẹrétọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí ọgbà rẹ̀ lè mọ́lẹ̀, ó sì ti fa wáyà kan sọdá sílé Màmá gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò. Mùyídéènì wò ó, ó ní bí òun bá rí tiransifọ́ma kékeré ṣe, èyí tí yóò sọ iná ńlá náà di iná wẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti bátìrì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ní àsìkò kan náà, nǹkan mìíràn ń dà á láàmú nílé. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n gbé lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ti fún wọn ní sítóòfù oníná mànàmáná rẹ̀, Nọ́síràtù sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ààrò lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ẹ̀wà ka orí rẹ̀, tó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀wà náà á jóná kó tó rántí. Mùyídéènì ronú pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ tó ń gbẹ àti ìkòkò tó ń gbẹ? Ó fi irin kan kọ́ sínú ìdérí ìkòkò kó máa kan omi ẹ̀wà. Bí omi bá fà kọjá ẹnu irin náà, ọ̀nà iná á já, agogo á dún, súìṣì kan nínú àpótí ẹ̀rọ náà á sì pa sítóòfù fúnra rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é tó ṣiṣẹ́, Nọ́síràtù pàtẹ́wọ́, ó ní, "Bàbá Sikirat, ẹ ti bá mi ra ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í sùn!"

Àpótí méjì, ti ìkòkò àti ti Màmá, ló wá nílò tiransifọ́ma. Ó wé méjèèjì fúnra rẹ̀ láti ara wáyà mọ́tò kan tó ti jóná. Ọ̀wọ́ wáyà méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó gba iná ńlá àti èyí tó gba iná kékeré, bébà olóròóró sì gbọ́dọ̀ là wọ́n láàárín kí wọ́n má bàa kan ara wọn láéláé. Bébà náà tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó dúró títí tí yóò fi rí ẹni lọ sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọ̀dá kò dúró de ẹnikẹ́ni, Màmá sì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ya páálí sìgá, ó fi í dípò. Ó gbé e sókè wò lójú oòrùn, ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Ó bò ó mọ́lẹ̀, ó dì í, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọ̀kan sínú ilé ìdáná, ó gbé èkejì lọ sí Ìwàràjà.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Mùyídéènì wà nídìí rédíò àlejò kan nígbà tí Nọ́síràtù dìde pé òun fẹ́ lọ wo ẹ̀wà. Ó ti fọ ilẹ̀ ilé ìdáná, omi kò tíì gbẹ níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló sì wà. Mùyídéènì gbọ́ ìró kan. Kì í ṣe igbe. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ sín tí kò rí i sín.

"Ìyá Sikirat?"

Kò dáhùn. Ó sáré wọlé. Nọ́síràtù wà ní ìdúró, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìdérí ìkòkò, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ ń wò ó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè pè é. Mùyídéènì na ọwọ́ láti dì í mú. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Ìbàdàn ló fà á sẹ́yìn, pé ẹni tí iná bá mú, bí o bá dì í mọ́ra, ẹ jọ ń lọ ni. Ó yí padà, ó fi gbogbo agbára fa wáyà já lára ògiri. Nọ́síràtù ṣubú lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

Àwọn ará ilé bá a gbé e lọ sí ọsibítù nínú takisí. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó, mímí rẹ̀ ń já. Mùyídéènì di orí rẹ̀ mú lórí itan, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń pe orúkọ rẹ̀, imú rẹ̀ sì ń gbọ́ òórùn kan tó mọ̀ dáadáa. Páálí tó jó ni.

Kò pẹ́ tí Mùstàfá, ẹ̀gbọ́n Nọ́síràtù, fi dé. Kò kí i. Ó wo àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọwọ́ tí wọ́n ti fi báńdéèjì wé, ó sì yíjú sí Mùyídéènì.

"Ìwọ lo ṣe é, àbí?"

"Èmi ni."

"Àwọn ènìyàn ń fi ìkòkò sórí ààrò láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ta ló rán ọ?"

Dókítà ti sọ pé Nọ́síràtù yóò yè, pé ọkàn rẹ̀ ti ń lù bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n pé òun kò lè sọ nǹkan kan nípa ìka ọwọ́. Mùyídéènì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó gbé orí lé eékún. Nígbà tí Nọ́síràtù lajú, gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tó sọnù.

"Màmá Ìwàràjà ńkọ́?"

Mùyídéènì rò pé ojú oorun ló ti ń sọ̀rọ̀. "Màmá wà nílé. Sinmi."

"Àpótí tiẹ̀," ni Nọ́síràtù wí. "Ọjọ́ kan náà lẹ di méjèèjì. Mo wà níbẹ̀."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí Mùyídéènì lára. Àpótí tiẹ̀! Páálí kan náà, wáyà kan náà, ọwọ́ kan náà. Èyí tó sì wà ní Ìwàràjà kò sí lórí tábìlì gbígbẹ. Irin méjì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ rírin, níbi tí obìnrin arúgbó ti ń rìn láìwọ bàtà pẹ̀lú agolo omi. Àjàgbé á sì tan jẹnẹrétọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Màmá máa ń bomi rin ọmọ kòkó gan-an. Mùyídéènì wo ojú fèrèsé. Oòrùn ti kúrò lórí òrùlé.

Ó dìde. Mùstàfá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ìwàràjà."

"O fẹ́ fi èyí tó o fẹ́ pa sílẹ̀ níbí, o fẹ́ lọ wo ọmọ kòkó? Mùyídéènì, bí o bá kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, má pè mí ní àna mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Nọ́síràtù wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ létí ọmọ ọwọ́ lọ. "Ẹ jẹ́ kó lọ. Èmi, mo ní yín lọ́dọ̀. Ta ni Màmá ní?"

Mùstàfá kò yà lọ́nà, ṣùgbọ́n kò dì í mú nígbà tó fi ẹ̀gbẹ́ yọ́ kọjá.

Takisí tó ń lọ sí Iléṣà kò tíì kún. Mùyídéènì bẹ awakọ̀ títí tó fi gbà láti gbéra láìkún. Wọ́n sáré. Kí wọ́n tó dé Ìbòkun, táyà ẹ̀yìn bẹ́ pẹ̀lú ariwo bí ìbọn. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wo táyà, ó wo bùùtù, ó sì gbé ọwọ́ lé orí. Èyí tó wà nínú bùùtù náà ti bẹ́ tẹ́lẹ̀.

Mùyídéènì kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń yíjú wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ ìró mọ́tò. Ọ̀kan kọjá, kò dúró. Òmíràn tún kọjá. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní bóyá Àjàgbé kò ní epo lónìí. Bóyá Màmá lọ sí ìpàdé ìjọ ní Iléṣà. Bóyá páálí tibẹ̀ ṣì dúró. Ṣùgbọ́n ó ti gbé páálí náà wò lójú oòrùn, ó sì mọ ohun tó rí.

Lọ́rì agbégi kan ló wá dúró fún un. Àkúrẹ́ ni wọ́n ń lọ, wọ́n á sì kọjá ní Ìwàràjà. Ó gun ẹ̀yìn, ó jókòó sórí ìtì igi, ó di ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi dè é mú. Lọ́rì náà ń rìn bí aboyún. Bí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè kan, á mí kanlẹ̀, á sì máa rá gòkè, òkè kò sì tán nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n la Iléṣà kọjá nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ti bọ́ aṣọ iléèwé, tí àwọn obìnrin ń pọn omi ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Òjìji lọ́rì ti gùn, ó ń sáré ṣíwájú wọn lórí ọ̀dà. Mùyídéènì ń ka Fátíhà, ó kà á títí tí kò fi mọ ibi tó bá a dé mọ́.

Ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kó tó rí oríta. Ìró rẹ̀ ń lù gbì-gbì-gbì láti ẹ̀yìn igi, bí ìgbà tí ọkàn ènìyàn bá wà níta ara. Kò dúró kí lọ́rì náà dúró. Ó fò sílẹ̀, ó fi eékún lu ilẹ̀, ó dìde, ó sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìlagi wọlé sábẹ́ àtíbàbà.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ewúrẹ́ Màmá. Ó nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le gangan, wáyà àpótí sì wé e lọ́rùn níbi tó ti fẹ́ jẹ ewé. Ohun kejì tó rí ni Màmá Julianah, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán nínú ẹrẹ̀, agolo omi lọ́wọ́ òsì, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà.

"Màmá! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Màmá gbójú sókè. Ìró jẹnẹrétọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó rí ọmọ Òṣogbo, inú rẹ̀ dùn, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. "Mùyí, wá bá mi wò ó! Ewúrẹ́ mi yìí, kí ló ṣe é?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i.

Mùyídéènì kò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀. Ó fi èjìká gbá ìyá àgbà náà, ìyá tó tó bí i lọ́mọ, ó gbá a kúrò lórí ilẹ̀ rírin náà, àwọn méjèèjì sì jọ ṣubú lu ọ̀rá ọmọ kòkó. Agolo fò, omi dànù. Omi náà ń ṣàn bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wọn. Ó fa Màmá sẹ́yìn lábíyá, ó fà á dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, Màmá sì ń pariwo pé kí aráyé gba òun. Pákó gbígbẹ kan wà lẹ́bàá ọgbà Àjàgbé. Mùyídéènì gbé e, ó fi lu wáyà tó wá láti ilé títí ó fi já. Iná kékeré kan bù yẹ̀rì níbẹ̀, ó sì kú.

Mùyídéènì jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlagi ti sáré dé, Àjàgbé wà níwájú wọn. Wọ́n wo ewúrẹ́, wọ́n wo wáyà, kò sì sí ẹni tó nílò àlàyé mọ́. Àjàgbé ní kí wọ́n lọ pa jẹnẹrétọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé wọ́n ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi.

Màmá Julianah nu ẹrẹ̀ lójú. Igbe ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà ṣe máa ń ṣe ni, àbí ó bàjẹ́ ni?"

Ó ṣeé ṣe fún Mùyídéènì láti sọ pé ó bàjẹ́. Gbogbo wọn ni yóò gbà á gbọ́. "Bébà tó yẹ kí n fi sí i tán lọ́wọ́ mi, Màmá. Mo fi páálí sìgá sí i. Mo rí i pé kò nípọn tó, mo sì gbé e wá fún yín bẹ́ẹ̀. Ti ilé mi ló kọ́kọ́ jó. Ó mú Nọ́síràtù lọ́sàn-án yìí."

"Nọ́síràtù mi? Ó kú ni?"

"Kò kú. Òun ló rán mi sí yín."

Màmá wo ilẹ̀ níbi tí irin méjèèjì ṣì dúró sí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Yọ wọ́n kúrò nínú ilẹ̀ mi." Mùyídéènì fa wọ́n yọ. Màmá tún ní, "Ìyàwó rẹ wà ní ọsibítù, o wá jókòó sínú ẹrẹ̀ níbí? Dìde." Ó yíjú sí Àjàgbé, ó ní kó fi mọ́tò rẹ̀ gbé e padà sí Òṣogbo. Kò dágbére fún Mùyídéènì, kò sì dá a lóhùn nígbà tó dọ̀bálẹ̀.

Nọ́síràtù padà wálé, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́. Aránṣọ tí ìka rẹ̀ kò ká! Ó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, á fi ọwọ́ òsì di síṣọ́ọ̀sì, aṣọ á wọ́, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Mùyídéènì kò lè wò ó. Kò fi ọwọ́ kan nǹkan mìíràn mọ́ ju rédíò lọ, kódà ó kó gbogbo wáyà ìyókù dà sínú kòtò lẹ́yìn ilé. Mùstàfá máa ń wá kí àbúrò rẹ̀, á jókòó, á mu omi, á sì lọ láìwo apá ibi tí ọkọ rẹ̀ wà.

Ọ̀dá kò tíì lọ nígbà tí Màmá Julianah dé. Kò sí rédíò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti rù, ó gbé ọmọ kòkó kan dání nínú ọ̀rá, ewé rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ó kọ́kọ́ jókòó ti Nọ́síràtù, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó farapa lé ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ń fi àtàǹpàkò ra àwọn ìka náà fún ìgbà pípẹ́.

"Wọ́n ń kú," ló wí níkẹyìn, ó sì fi ojú tọ́ka sí ọmọ kòkó náà. "Mo ti padà sí ìfọ́jú mi. Mùyí, mi ò fẹ́ iná Àjàgbé. Bátìrì ni kó o fi ṣe é fún mi, bí ti àkọ́kọ́."

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò ṣe é mọ́."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ti rí ojú ewúrẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ebi ò ní kí ẹ̀rù tán lójú mi kó tó wọlé."

Mùyídéènì mi orí. Nọ́síràtù ló wá sọ̀rọ̀, kò sì gbé ojú kúrò lórí aṣọ tó ń gé. "Ẹ máa ṣe é, Bàbá Sikirat. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa sọ ìgbà tó tán. Èmi ni."

"Kí lo mọ̀ nínú rẹ̀?"

"Mo mọ ohun tó ṣe mí," ni Nọ́síràtù dáhùn.

Ọjọ́ yẹn ni ilé náà yí padà. Mùyídéènì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti so nǹkan pọ̀ tán, kò gbọdọ̀ dé e. Á gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀. Nọ́síràtù á tú gbogbo ohun tí wọ́n fi ya wáyà kan sọ́tọ̀ sí èkejì, á fà á, á gbé e wò lójú oòrùn. Bó bá rí ìmọ́lẹ̀, á gbé e padà. Aṣọ tí ó fi ìda rin dípò bébà ni òun fúnra rẹ̀ wá ń gé fún un, ó ń fi ọwọ́ òsì gé e, ó sì ń gé e tó gún régé ju ti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì pé lọ. Lẹ́yìn èyí, á pọn omi sínú baàfù, á ní kí Mùyídéènì bọ́ bàtà, kó ti ọwọ́ méjèèjì bọ omi pẹ̀lú irin náà kí oníbàárà tó gbà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é, fún ti Màmá, bátìrì lásán ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì mọ̀ pé kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Síbẹ̀, ọwọ́ Mùyídéènì gbọ̀n nínú omi náà, Nọ́síràtù sì rí i, kò sì sọ pé kó yọ ọ́ kúrò títí abẹ́rẹ́ fi dìde dé ìlà.

Ọ̀rọ̀ sítóòfù kò wáyé mọ́. Ààrò ni wọ́n ń dá iná sí. Mùstàfá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ àbúrò rẹ̀ lóhùn lọ́dún kejì, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1977, àwọn tó ń gbin ọmọ kòkó láti Iléṣà títí dé Ìwàràjà ló ń wá sí Ìgbọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, Adéjọbí, oníkòkó kan láti Iléṣà, wá gba tiẹ̀. Ọkọ̀ ń dúró dè é, ó sì ti pẹ́. Mùyídéènì gbé àpótí náà síwájú Nọ́síràtù. Nọ́síràtù tú u, ó fi ìka tó ká àti ìka tí kò ká wá gbogbo inú rẹ̀, ó sì dúró síbì kan tí aṣọ ti fẹ́lẹ́.

"Ẹ tú u."

"Ìyá Sikirat, ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n."

"Mo gbọ́. Ẹ tú u."

Adéjọbí bínú. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, kí obìnrin aránṣọ máa pàṣẹ fún oníṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wo Mùyídéènì bóyá yóò sọ nǹkan kan. Mùyídéènì fa àga, ó jókòó, ó mú irin tó fi ń tú nǹkan, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó fọn ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì lọ. Nọ́síràtù gbé àga fún àlejò náà, ó bu omi tútù fún un, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń gé.